Ẹ Kú Ewu Ọmọ

Nígbà tí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ Yorùbá, tí àwọn aládùúgbò bá wọlé láti kí i, ewu ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ. "Ẹ kú ewu ọmọ," ni wọ́n ń wí. Irú ìkíni yìí ni a fi ń kí ẹni tí ọkọ̀ dànù mọ́ lórí tí kò kú. Òun náà ni a fi ń kí ẹni tí iná jó ilé mọ́ tí ó rí ojú fèrèsé bẹ́ jáde. Ẹni tí a kí yóò sì dáhùn pé, "Ewu iná kì í pa àwòdì." Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fetí sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí i pé àwọn tí wọ́n fi í lélẹ̀ fún wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ti rí ìkúnlẹ̀ tí ó yọrí sí ayọ̀, wọ́n sì ti rí èyí tí ó yọrí sí ẹkún. Wọn kò tan ara wọn jẹ pé ohun kékeré ni.

Ohun kan wà nínú ìkíni náà tí ó máa ń kọ mí lóminú. Lẹ́yìn tí ewu bá ti kọjá ni a ń sọ ọ́. Kí ewu tó dé, àdúrà ni a ń gbà: a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, aboyún yóò sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, tibi tire. Láàárín àdúrà àti ìkíni, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ó wà. Kí ni ojúṣe wa nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn? Bí obìnrin kan kò bá sì dé ibi tí a ti ń kí i kú ewu, ṣé àyànmọ́ rẹ̀ ni, tàbí ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí.

Ní ọdún 1988 ni ìbéèrè náà wọlé tọ̀ mí wá. Ìjẹ̀bú-Òdè ni mo ń gbé nígbà náà, tí mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Obìnrin kan wà tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, aránṣọ ni, oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. "Bùọ̀dá Tíṣà" ni ó máa ń pè mí. Ó ti gba káàdì ní ilé ìwòsàn kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó tún padà lọ, nítorí ọdún Iléyá ti ń kánlẹ̀kùn, aṣọ àwọn oníbàárà sì pọ̀ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wú. Àwọn àgbà obìnrin inú ilé ní ọmọkùnrin ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó ní orí ń fọ́ òun, nǹkan sì ń ṣẹ́jú lójú òun bí ẹ̀ta iná. Èmi gan-an ni mo dá a lóhùn pé ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni, kí ó máa sinmi.

Ní òru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ariwo ta. A bá a nílẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí eyín rẹ̀ pa dé. Gìrì ni gbogbo wa pè é, a sì ṣe é bí a ti ń ṣe gìrì ọmọdé: a fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, a fi àdín pa á lára, ẹnì kan bu àgbo wá. Ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó níbi iṣẹ́. Ọkọ̀ mi wà níta, epo sì wà nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí a dúró kí ilẹ̀ mọ́, kí a ránṣẹ́ sí ọmọ òun, nítorí bí àwọn dókítà bá ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ta ni yóò tọwọ́ bọ̀wé? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé aya ẹlòmíràn ni, pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ mi, kí ni n ó wí? Mo dúró. Nígbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, gìrì náà ti mú un nígbà kẹrin. A kò gbọ́ ohùn ìyá, a kò gbọ́ ohùn ọmọ.

Níbi ìsìnkú, gbogbo ènìyàn ní ọlọ́jọ́ ni ó dé. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tù mí nínú púpọ̀. Ìgbà tí ó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìtùnú náà.

Yorùbá gbà pé ẹ̀dá ti yan orí kí ó tó wá sílé ayé, èmi kò sì jẹ́ fi ìgbàgbọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò di gbogbo ẹrù ru orí nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti là á yé wa láti inú Ifá pé ẹsẹ̀ ní ipò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí: ẹni tí ó yan orí rere tí kò gbé ẹsẹ̀, orí náà kò ní gbé e débi kan. Èdè wa sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ó dojú kọ àyànmọ́ gbangba. Ọ̀rọ̀ náà ni àfọwọ́fà, láburú tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ẹni tí ó mu ọtí yó tí ó sì wa ọkọ̀ wọ igbó, a kì í ní àyànmọ́ ni. A ní àfọwọ́fà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aboyún ti yàtọ̀ nìyí. Bí mo bá ka ọwọ́ tí ó wà nínú ikú aránṣọ yẹn, tirẹ̀ ni ó kéré jù lọ. Ọwọ́ ìyá ọkọ wà níbẹ̀, tí ó ní kí a dúró. Ọwọ́ ọkọ wà níbẹ̀, tí kò fi ọ̀rọ̀ àṣẹ kankan sílẹ̀ kí ó tó rìnrìn àjò. Ọwọ́ àwọn àgbà tí wọ́n fi ojú wíwú ṣe àwàdà wà níbẹ̀. Ọwọ́ tèmi wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì ni mo fi dì mú. Àfọwọ́fà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ fà á kọ́ ni ó kú.

Kí a tó lè mọ ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe, ó yẹ kí a mọ ewu náà. Àrùn tí ó pa obìnrin yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní eclampsia, tí àwọn kan ń pè ní gìrì aboyún. Kò bá gìrì ọmọdé tan rárá. Láti inú ibi ọmọ ni ó ti ń wá: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ lè gòkè dé 140 lórí 90 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èròjà ara jáde. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ríran ségesège, òkè ikùn tí ń roni àti ojú wíwú wà lára àmì rẹ̀. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò ju aṣọ tí a ń dì mọ́ apá àti ìwé tín-ín-rín tí a ń tì bọ ìtọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Oògùn tí ń dá gìrì náà dúró ni magnesium sulphate, irú iyọ̀ kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ní ọdún 2002, àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 10,000 obìnrin ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Ó fi hàn pé oògùn yìí dín iye àwọn tí gìrì ń mú kù ju ìdajì lọ. Fún obìnrin tí àrùn náà ti ṣe rí, dókítà lè fún un ní aspirin díẹ̀díẹ̀ kí oyún tó di oṣù mẹ́rin, kí ó má baà tún padà. Ìbímọ nìkan ni ó ń fi òpin sí àrùn fúnra rẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí aláìsàn wà nítòsí ẹni tí ó lè gbẹ̀bí rẹ̀ kíákíá.

Gìrì nìkan kọ́ ni ewu. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin tí nǹkan kan kò ṣe láàárín wákàtí méjì. Ọmọ lè há. Kòkòrò lè wọ ara ìyá láti ọwọ́ tàbí irin tí kò mọ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ibà a sì máa sọ ewu kékeré di ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 260,000 obìnrin ni ó kú lórí ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ ní gbogbo ayé ní ọdún 2023. Nǹkan bí 75,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí a bá ní àyànmọ́ ni, a jẹ́ pé àwọn obìnrin ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n lọ yan orí burúkú lọ́dọ̀ Àjàlá, tí àwọn obìnrin Japan àti Sweden yan rere. Ta ni yóò gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Ẹ̀rí wà nílé pẹ̀lú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ìbímọ 22,774 ní ilé ìwòsàn kan ní Zaria láàárín ọdún 1976 sí 1979, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985. Obìnrin 238 ni ó kú. Àwọn tí kò gba ìtọ́jú aboyún, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gbé wá nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́, ni ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ilé ìwòsàn kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìgbà tí oníkálukú dé ibẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ti rí nígbà tí ó dé.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra nípa ohun tí ìmọ̀ ewu lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. A mọ àwọn tí ewu wọn pọ̀: ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tí ó ti lé ní 35, ẹni tí ó ti bímọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní síkú sẹ́ẹ̀lì, ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí, àti ìyá ìbejì, tí wọ́n pọ̀ láàárín wa ju bí wọ́n ti pọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé lọ. Ṣùgbọ́n nínú 100 aboyún, nǹkan bí 15 ni ìṣòro tí ó le ń dé bá, púpọ̀ nínú wọn kò sì sí nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí. Aránṣọ yẹn ti bímọ mẹ́ta láìsí wàhálà. Nítorí náà ojúṣe méjì ni ó wà. Èkíní ni kí a dín ewu kù: kí aboyún tètè gba káàdì, kí ó máa padà lọ, kí wọ́n máa wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ibà bí wọ́n ti là á sílẹ̀, kí ó máa sùn nínú néẹ̀tì ẹ̀fọn. Èkejì ni kí a múra sílẹ̀ bí ẹni pé ewu náà yóò dé dandan: kí a ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e, owó tí a ó san, ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti ilé ìwòsàn tí a ń lọ. Ní ti ìtọwọ́bọ̀wé, àgbàlagbà obìnrin ni ó ni ara rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdílé kan kò lè ṣe láìgbọ́ ohùn ọkọ, oṣù kẹta oyún ni kí ọkọ ti sọ̀rọ̀, kí ó má di òru òjò.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo ń sọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn baba wa ní ètò tí ń dín ewu kù kí òyìnbó tó dé. Obìnrin tí ó ń fún ọmọ lọ́mú kì í súnmọ́ ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má baà lóyún lórí ọmọ ọwọ́. J. C. Caldwell àti Pat Caldwell kọ ìwádìí wọn lórí àṣà yìí láàárín àwọn Yorùbá jáde ní 1977. Lónìí, àwọn oníṣègùn ń gba obìnrin níyànjú pé kí ó fi ọdún méjì ó kéré tán sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún lóyún. Bákan náà, ní ìgbà àtijọ́, bí aboyún bá kú ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ nìkan. Àwọn awo ni yóò gbà á bójú tó, ètùtù yóò sì wáyé, nítorí wọ́n gbà pé irú ikú bẹ́ẹ̀ ba ìlú jẹ́. Ohun tí ó wù mí nínú àṣà yẹn ni pé ìlú gbà pé ọ̀ràn náà kan òun. Ohun tí ó kù ni kí ìlú ṣe ètùtù náà nígbà tí obìnrin ṣì wà láàyè.

A sì ní àwọn ìwà tí ń dá kún ewu. Ọ̀kan ni ìfoyúnpamọ́. Nítorí ìbẹ̀rù ayé, obìnrin a máa fi oyún pamọ́ títí yóò fi yọ síta fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni yóò tó gba káàdì, tí oṣù tí à bá fi mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ti kọjá lọ. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni kéde oyún rẹ̀ lọ́jà. Bí a kò bá lè sọ fún ayé, a lè sọ fún ènìyàn mẹ́ta: agbẹ̀bí, ẹni tí ó ní ọkọ̀, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tiwa mu. Èkejì ni pé nígbà tí ọmọ bá há, àwọn kan a máa ní kí ìyá jẹ́wọ́ ọkùnrin tí ó bá lò pọ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ibi egungun tí kò fẹ̀ ni wọ́n ń fi ìwà àgbèrè ṣàlàyé, wákàtí tí à bá fi gbé e dé iwájú dókítà ni wọ́n sì ń fi ṣe ìgbẹ́jọ́. Ẹ̀kẹta ni àdúrà tí a ń gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn pé kí aboyún bí bí àwọn obìnrin Hébérù, kí ó má fojú kan abẹ. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé Ẹ́kísódù yóò rí i pé ẹnu àwọn agbẹ̀bí ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ṣífúrà àti Púà ni orúkọ wọn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà dá Fáráò lóhùn nígbà tí ó bi wọ́n pé èéṣe tí wọ́n fi dá àwọn ọmọkùnrin sí. Àwọn obìnrin Hébérù ní agbẹ̀bí, agbẹ̀bí tí ó láyà ni pẹ̀lú.

Ní 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine pín ìdádúró tí ń pa aboyún sí mẹ́ta: ìdádúró láti pinnu pé kí a lọ, ìdádúró ojú ọ̀nà, àti ìdádúró láti rí ìtọ́jú gbà lẹ́yìn tí a bá dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, àfi bí ẹni pé wọ́n jókòó sí ọgbà wa lóru ọjọ́ yẹn. Ìdádúró kìíní ni ó pa tiwa.

Ṣé ó ṣeé tún ṣe? Àwọn aládùúgbò wa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò jẹ́ gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí ń gun alùpùpù fún àwọn aboyún, wọ́n sì fún aboyún ní fóònù kí ó lè pè é. Ẹ wo bí ó ti bá ìdádúró mẹ́ta yẹn wí. Wọ́n tún gbé òfin kan kalẹ̀ pé kí a máa wádìí ikú aboyún kọ̀ọ̀kan láìdárúkọ ẹni, irú èyí tí ó ti ń lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1952. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í wá ẹni tí a ó fi jẹ. Ohun tí a ó tún ṣe ni ó ń wá. Ìmọ̀ràn ńlá ni ó wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a mọ̀ ọ̀nà méjì péré lẹ́yìn ikú: kí a ní ọlọ́jọ́ ni ó dé, tàbí kí a ní ìyá àjẹ́ ni ó pa á.

Àwa Ìjẹ̀bú ní ohun èlò tiwa. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tí ó wàjà ní 2025, sọ ètò régbérégbé jí, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí a ń rí lójúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí wọ́n wọ aṣọ kan náà tí ó ń dán gbinrin. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó aṣọ jọ láìjáfara lè ní ìwé kan tí orúkọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti àwọn ẹlòmíràn mu wà nínú rẹ̀, àti ọkọ̀ méjì tí awakọ̀ wọn kò ní pa fóònù lóru. Èyí kò ní kí ìjọba má ṣe ojúṣe rẹ̀. Régbérégbé kò lè ya ọ̀nà fún ará etí omi, kò sì lè dá dókítà tí ń bọ́ sí òkè òkun dúró. Ṣùgbọ́n àìṣe ìjọba kò sọ àìṣe tèmi di ẹ̀tọ́. Kì í ṣe ìjọba ni ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú lóru ọjọ́ yẹn.

A ń kí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kú iṣẹ́. A kì í dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí. A ń kí ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà kú ìrìn. Ewu ọmọ nìkan ni a ń dúró dè kí ó kọjá. Èmi kò lè yí èdè padà, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa pe ewu lé aboyún lórí. Ṣùgbọ́n ìkíni kan wà tí mo ti sọ di tèmi láti ọdún wọ̀nyí wá. Bí mo bá pàdé aboyún tí mo mọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa tán, mo máa ń bi í pé, "Ìyá mi, ọjọ́ wo ni wọ́n wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn?" Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń wò mí bí aláṣejù. Mo gbà. Ojú ẹni tí ó wú, tí mo sì ní kí ó lọ sinmi, ni mo ń rí.